Ọ̀nà Iyọ̀ Lórí Òkè Simplon

Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan kẹ́yìn, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ìṣirò owó kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè mí nígbà tí àsìkò owó orí bá dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ gba ọlidé, mo kó àwọn méjèèjì, a lọ sí Swítsàlandì, a sì fi ọjọ́ mẹ́ta fẹsẹ̀ rìn lórí òkè. Ìtàn ọ̀nà tí a rìn yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ẹ pe àwọn ọmọ, kí ẹ jọ kà á sókè. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, màá túmọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń lọ.

Swítsàlandì àti Ítálì jọ pààlà, àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Alps ló sì wà láàárín wọn. Yìnyín kì í tán lórí òmíràn nínú wọn láti ọdún dé ọdún. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín òkè méjì, tí ẹsẹ̀ lè gbà kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ni Simplon. Ìlú Brig wà nísàlẹ̀ òkè lápá àríwá, abúlé Gondo sì wà lápá kejì, létí ẹnubodè Ítálì gan-an. Láti Brig dé Gondo tó nǹkan bíi kìlómítà 35. Ibi tó ga jù lójú ọ̀nà fi bíi 2,000 mítà ga ju omi òkun lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gun Olúmọ l'Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan tí ẹ wá ń fọ́nnu, ẹ rọra o. Èmi náà ti fọ́nnu bẹ́ẹ̀ rí.

Stockalperweg ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. "Weg" ni ọ̀nà ní èdè Jámánì, Stockalper sì jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ka orúkọ náà lára pátákó ní Brig, ó ní, "Dádì, ṣé òun ló ni òkè yìí ni?" Mo ní rárá, kò sẹ́ni tó ni òkè. Ó ní, "Kí ló dé tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ọ̀nà?" Ìbéèrè yẹn la gbé rìn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n bí Kaspar Jodok von Stockalper sí Brig ní ọdún 1609, nínú ìdílé tó gbajúmọ̀. Ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà Jesuit. Àsìkò tó dàgbà sí kì í ṣe àsìkò àlàáfíà. Ogun kan ń jà káàkiri Yúróòpù láti 1618 títí di 1648, Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà púpọ̀ tí àwọn oníṣòwò ń gbà tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀nà àwọn ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n ẹkùn Valais, níbi tí Brig wà, kò sí nínú ìjà náà. Stockalper rí i pé bí ọ̀nà Simplon bá dára, ẹrù tó ń ti Ítálì lọ sí Faransé àti ẹrù tó ń ti ọ̀hún bọ̀ yóò máa gba iwájú ilé òun kọjá.

Ọ̀nà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Láti bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn oníṣòwò Milan ti ń gba ibẹ̀. Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó tún un ṣe. Wọ́n fi òkúta tẹ́ ibi tó ń yọ̀, wọ́n mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sínú àfonífojì, wọ́n sì ṣe ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìsinmi sójú ọ̀nà. Ní 1634, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 25 lọ, ó kó Marie de Bourbon, obìnrin kan láti ìdílé ọba Faransé, àti gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e gba orí òkè kọjá, wọ́n ń lọ sí Milan. Láti ọjọ́ yẹn ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Bí obìnrin ọlọ́lá bá lè gba ibẹ̀ kọjá láìfarapa, ẹrù aṣọ sẹ́dà náà lè gba ibẹ̀.

Ìbaaka ló ń ru ẹrù. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ ìbaaka? Bí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun abo ẹṣin, ọmọ tí wọ́n bá bí ni ìbaaka. Ó lágbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣìnà lórí òkúta. Ọ̀kan lè gbé ju 100 kílò lọ, ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀tọ́ láti ru ẹrù ní apá ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n á gbé e dé ilé ìkẹ́rùsí, àwọn ará abúlé tó kàn á sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ oko kò tó jẹ lórí òkè níbi tí òtútù ti ń fi ọ̀pọ̀ oṣù mú, nítorí náà owó ẹrù yìí ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ra oúnjẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bodè. Bodè ni ibi tí wọ́n ti ń dá arìnrìnàjò dúró kí ó sanwó kó tó kọjá, ẹni tó ń gba owó náà ni oníbodè. Nílé wa, oníbodè máa ń jókòó sẹ́nu odi ìlú, ó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn tó ru ẹrù. Lórí Simplon náà, wọ́n ń san owó bodè.

Ṣùgbọ́n owó tó sọ Stockalper di ẹni tí àwọn èèyàn ń pè ní ọba Simplon kò ti inú sẹ́dà wá tán. Ẹ fọkàn bá mi lọ níbí. Iyọ̀ ni.

Àwọn ará Valais ń sin màlúù, wọ́n ń ṣe wàràkàṣì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe wàràkàṣì láìsí iyọ̀. Ẹran tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ di ìgbà òtútù, iyọ̀ ni. Màlúù fúnra rẹ̀ ń fẹ́ iyọ̀. Ilẹ̀ wọn kò sì ní iyọ̀ tó lè kárí wọn. Láti Faransé àti Ítálì ló ti ń wá. Ní ìparí àwọn ọdún 1640, Stockalper gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn alákòóso Valais pé òun nìkan ni yóò máa kó iyọ̀ wọlé. Òun nìkan. Bí ẹ ò bá ra tirẹ̀, ẹ jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀.

Àwa Yorùbá kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún wa pẹ́. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ìbọn àti ẹ̀tù ni àwọn ìwé ìtàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ náà ń gba ọ̀nà yẹn wá láti etí òkun. Ẹni tó bá di ọ̀nà mú, inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ ni ọwọ́ rẹ̀ wà.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, iyọ̀ ló tọ́ ìyá mi dàgbà. Ìyá tó bí i ta iyọ̀ lọ́jà n'Ìjẹ̀bú. Wọn kò mọ̀wé. Èédú ni wọ́n fi ń fa ìlà sára ògiri yàrá wọn, ìlà kan fún agolo kan tí ẹnì kan bá rà láwìn. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lára ògiri, màmá sì mọ ìlà kálukú bí ẹni mọ ojú ọmọ. Ìwé ìṣirò owó tí mo kọ́kọ́ rí láyé mi nìyẹn. Lọ́dún kan, àwọn ọmọ wọn fẹ́ fi ọdún Iléyá yẹ́ wọn sí, wọ́n kun gbogbo ilé ní ọ̀dà funfun nígbà tí màmá wà lọ́jà. Gbèsè ọdún méjì parẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn kan wá san án fúnra wọn. Àwọn kan kò wá, màmá sì mọ̀ wọ́n títí wọ́n fi kú, wọn kò sì bá wọn jà.

Stockalper kọ tirẹ̀ sínú ìwé ńlá. Àwọn ìwé náà ṣì wà, àwọn onímọ̀ sì ti tẹ̀ wọ́n jáde ní apá púpọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ sí Brig gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi á lóye. Iyọ̀ tó wọlé, ìbaaka tó jáde, owó tó yá èèyàn, ilẹ̀ tó rà, gbogbo rẹ̀ ló kọ. Èdè kan kò tó o. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní Látìn, kí ó bọ́ sí Jámánì, kí ó tún fi Ítálì tàbí Faransé kún un. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bínú sí àwọn ọmọ pé wọ́n ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá, ẹ rántí pé ọkùnrin yìí dà á pọ̀, ó sì lówó.

Ó lówó débi pé ó kọ́ ààfin sí Brig, ilé gogoro mẹ́ta sì wà lára rẹ̀ tí orí wọn rí bí àlùbọ́sà oníwúrà. Ó sọ wọ́n ní Kaspar, Melchior àti Balthasar, orúkọ tí àwọn ará Yúróòpù fún àwọn amòye tó wá kí Jésù. (Àwọn ayàwòrán àtijọ́ sábà máa ń ya ọ̀kan nínú wọn bí ènìyàn dúdú. Ọmọ mi ọkùnrin, Ọlá, ní gogoro yẹn ni tòun.) Kaspar, tó ń jẹ́ orúkọ onílé, ló ga jù. Lónìí ìlú Brig ló ni ààfin náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú sì ní ọ́fíìsì nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn. Stockalper mú lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀ ní Látìn, Casparus Stocalper, ó tú u ká, ó sì tò ó pa dà di "Sospes lucra carpat". Ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ kí á sọ pé, "Kí ẹni tí Ọlọ́run ṣojú rere sí máa kó èrè jọ." Ẹ ka lẹ́tà náà, ó pé. Mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò láti ọdún pípẹ́, n kò tíì rí ẹni tó rí èrè nínú orúkọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì la gun ibi tó le jù. Ọ̀nà ń bá odò kékeré kan lọ nínú àfonífojì Taferna, ó ń gòkè, ó ń gòkè. Ní ibi púpọ̀ òkúta àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, ó ti dán. Lókè wa lọ́hùn-ún, mọ́tò ńlá ń sáré lórí afárá Ganter, tí wọ́n parí ní 1980, a ń gbọ́ ìró wọn bí oyin. Àwọn ẹranko kan tó dà bí ọ̀kẹ́rẹ́ ńlá ń súfèé láàárín òkúta. Orí òkè tutù débi pé ẹ̀wù òtútù tí mo sọ pé a kò nílò ni gbogbo wa wá ń wá nínú báàgì. A kò mú un wá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn ibi tó ga jù ni a rí ilé ìsinmi tí Stockalper kọ́, wọ́n ń pè é ní Ilé Àlejò Àtijọ́ ní èdè wọn. Òkúta ni, ó ga, ó sì dá dúró nínú pápá. Inú rẹ̀ ni àwọn tó ń wa ìbaaka máa ń sá sí nígbà tí yìnyín bá ń já. Ibẹ̀ la jókòó sí jẹ búrẹ́dì, ibẹ̀ ni Ọlá sì ti béèrè pé, "Ṣé olè ni Stockalper?"

Mo ní kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní apá kan: ó tún ọ̀nà ṣe, ó kọ́ ilé tí kò jẹ́ kí èèyàn kú sínú òtútù, ó fún àwọn abúlé níṣẹ́, ó ṣètò bí lẹ́tà ṣe ń kọjá. Ní apá kejì: ó nìkan ta iyọ̀ fún gbogbo ìlú, ó sì tún wà lára àwọn tó ń ṣòfin fún ìlú kan náà. Láti nǹkan bí 1670 òun ni olórí ìjọba Valais. Ẹni tó ń ta ọjà ni ẹni tó ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tó lè ta ọjà. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí a bá rí irú èyí, a máa ń fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Mo ní ẹni tó tún ọ̀nà ṣe kì í ṣe olè, àmọ́ ẹni tó nìkan di iyọ̀ mú súnmọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà. Ó ní bí kò bá sí i, ṣé ìbá sí iyọ̀ rárá? Mo ní iyọ̀ ti ń wọ ibẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ó ní, "Lórí ọ̀nà wo?" N kò rí èsì fún un kíá.

Àwọn ará Valais dá ẹjọ́ náà fúnra wọn. Ní 1678 wọ́n dìde sí i, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ipò rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ lóore. Wọ́n gba ipò, wọ́n gba iyọ̀, wọ́n sì gba púpọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀. Bí ó ṣe jẹ́ pé èèyàn púpọ̀ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè, èmi gẹ́gẹ́ bí oníṣirò owó kò rò pé òdodo nìkan ló wà nínú ọkàn gbogbo wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin tó ti pé 70 ọdún yìí gba ọ̀nà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ó sá lọ sí Domodossola, ní òdì kejì òkè. Ó gbé ibẹ̀ títí di 1685 kí ó tó pa dà sí Brig, ó sì kú síbẹ̀ ní 1691.

Ọ̀nà náà kò kú lójijì. Láàárín 1801 sí 1805 ni Napoleon la títì gbòòrò gba Simplon, kí kẹ̀kẹ́ ìbọn ńlá lè kọjá. Títì náà gé ọ̀nà ìbaaka ní ibi púpọ̀, ẹrù sì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Ní 1906 wọ́n ṣí ihò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà lábẹ́ òkè, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 20, kò sì sí èyí tó gùn tó o láyé fún ohun tó ju 70 ọdún lọ. Ta ló tún fẹ́ fẹsẹ̀ rìn? Koríko bo òkúta, ògiri wó. Ìgbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ ni wọ́n wá pa dà wá a rí, wọ́n gbé òkúta pa dà sórí òkúta, wọ́n tún afárá kéékèèké ṣe, wọ́n sì ri pátákó mọ́lẹ̀ kí àwọn bíi tiwa má baà sọnù. A ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì síbẹ̀síbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la sọ̀ kalẹ̀ sí Gondo. Òkúta ga lọ́tùn-ún lósì, ojú ọ̀run di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Stockalper kọ́ ilé gogoro kan síbẹ̀ fún ẹrù àti arìnrìnàjò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2000, lẹ́yìn òjò tí kò dáwọ́ dúró, ẹrẹ̀ àti òkúta ya lulẹ̀ láti orí òkè, ó gba àárín abúlé kọjá. Èèyàn 13 kú. Ó gé apá kan ilé gogoro náà lọ, ilé tó ti dúró ju 300 ọdún. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n so ara tuntun mọ́ ti àtijọ́, wọn kò fi ibi tó ti ya pamọ́. Wọ́n sì fi ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ mi, tí wọ́n ti ń pariwo láti àárọ̀, fúnra wọn dákẹ́ níwájú ibẹ̀.

Nígbà ayé àwọn bàbá wa, fàyàwọ́ ló gbilẹ̀ ní ẹnubodè yìí. Ẹ mọ̀ ọ́n: kí èèyàn fi àyà wọ́ ilẹ̀ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rí i. Kọfí àti sìgá ni wọ́n ń fi ẹ̀yìn gbé gba orí òkè lọ sí Ítálì lóru. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìdírókò àti Sẹ̀mẹ̀, ẹ ti mọ ìtàn náà tán, kìkì pé òkè kò sí níbẹ̀.

Láti Gondo a wọ bọ́ọ̀sì yẹ́lò lọ sí Domodossola. Ní ẹnubodè, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé, ó wo ìwé ìrìnnà wa, ó wo ojú wa, ó dá a pa dà. Ọmọ mi obìnrin rọra sọ fún mi pé, "Oníbodè nìyẹn. Kò sì gba owó." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo òkè tí a gùn lọ, torí mi ò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní Domodossola, wọ́n jókòó ti áísìkiriìmù, wọ́n mú bírò, wọ́n ń tú orúkọ ara wọn ká bíi ti Stockalper. Ọlá ló kọ́kọ́ rí tirẹ̀: bí a bá gbójú kúrò lára àmì ohùn, Ọlá á di Àlọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń wá tirẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú orúkọ yín, ẹ gbìyànjú rẹ̀, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà o.